Sinimá Ọjọ́ Iwájú àti Àwọn tí Ilẹ̀ Kò Gbà Mọ́

Bí a bá ń sọ ìtàn ní ilé wa, ohun tí ó ti kọjá ni a máa ń sọ: ọba tí ó jẹ, ogun tí ó jà, ọ̀nà tí àwọn baba wa gbà dé ibi tí a wà. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí jẹ́ ti àwọn ènìyàn kan tí wọ́n kọjú sí ìhà kejì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí a fi ń ya sinimá, wọ́n sì ya ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń béèrè pé: bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ mọ́, níbo ni a ó gbà lọ? Bí òkun bá gba ilé ẹni, ta ni yóò gbà á sílé? Bí ó bá wá jẹ́ pé òyìnbó ni ìyà lé wá sọ́dọ̀ wa ńkọ́?

Àwọn òyìnbó ní orúkọ tiwọn fún irú sinimá bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé yìí, a ó máa pè é ní sinimá ọjọ́ iwájú. Ẹni tí ó ń ṣe é máa ń mú ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti mọ̀ nípa omi, oòrùn, ilẹ̀ àti ẹ̀rọ, yóò wá na ìmọ̀ náà gùn títí dé ọdún tí a kò tíì rí. Kò jọ àlọ́ ìjàpá, nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Kò sì jọ ìròyìn, nítorí pé kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé nǹkan òyìnbó nìyẹn. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ lọ wo orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dáadáa. Àwọn agbẹ́gilére wa ti gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, alùpùpù àti ẹ̀rọ ìránṣọ sórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wòran kò gun ọkọ̀ òfuurufú rí. Ọ̀pọ̀ wa kò tíì gùn ún títí di òní. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó wà lára ohun ìní iyebíye gbogbo ayé, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kéde rẹ̀, ohun àtijọ́ ni wọ́n pè é. Àwa tí a ń jó o mọ̀ pé bí ohun tuntun bá dé, orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lára ibi tí a ti ń kọ́kọ́ rí i.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oní-sinimá, ẹ jẹ́ kí a rántí ìdí tí ọ̀rọ̀ ìṣíkiri fi kan àwa ará Kétu. Aṣíkiri ni wá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé Ṣópàṣán kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ré odò Ògùn kọjá, wọ́n dúró ní Òkè-Ọyán, lẹ́yìn náà wọ́n tẹ̀ síwájú títí dé Arò. Wọ́n pẹ́ ní Arò, ọ̀pọ̀ ọba ni ó jẹ níbẹ̀. Èdé ni ó kó wọn wá sí ibi tí ìlú wà lónìí, ọdẹ ni ó sì fi ọ̀nà hàn wọ́n. Òkè pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ tí wọ́n dé. Ilẹ̀ pupa tí ó ń mú irè jáde ni, ṣùgbọ́n odò kò sí nítòsí, omi abẹ́ ilẹ̀ sì jìn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ obìnrin kò nílò pé kí ẹnikẹ́ni ṣe àlàyé èyí fún yín. Orí àti ọrùn yín ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1886, ogun Glele ọba Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa ní ẹrú lọ sí Àgbómì. Ìlú di ahoro. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti ṣẹ́gun Béhanzin, tí í ṣe ọmọ Glele, láàárín ọdún 1892 sí 1894, àwọn tí ó kù padà wá sí orí ahoro náà, wọ́n tún un kọ́. Ẹnu ọ̀nà Akaba Ìdẹ́nà tí ẹ ń rí lónìí ti wà ṣáájú ogun yẹn. Kí wọ́n tó padà sílé pàápàá, ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti jókòó sí Pàrí, wọ́n fa ààlà gba àárín ilẹ̀ Kétu kọjá. Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwa bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Nígbà tí iṣẹ́ ipá pọ̀ jù, tí wọ́n sì ń mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sí ogun àgbáyé ti ọdún 1914 sí 1918, ọ̀pọ̀ ìdílé di ẹrù wọn lóru, wọ́n sá kọjá ààlà lọ bá àwọn ará wọn ní ìhà kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó rí ni pé bí ènìyàn bá ṣí kúrò níbi tí wọ́n ti ń ni ín lára, ọ̀tẹ̀ ni, bí kò tilẹ̀ gbé ìbọn.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ fi sinimá hàn wá bí ìṣíkiri ṣe rí, a lè jókòó wò ó pẹ̀lú ojú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé fún ìgbà pípẹ́, òfin kò gba ọmọ Áfíríkà láyè láti gbé ẹ̀rọ sinimá ní ilẹ̀ baba rẹ̀. Ní ọdún 1934, Pierre Laval, mínísítà tí ó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Faransé gbà, fi ọwọ́ sí òfin kan. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ya sinimá ní ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ gómìnà, kí wọ́n yẹ ohun tí ó fẹ́ sọ nínú rẹ̀ wò. Àwọn òyìnbó ń rí ìyọ̀ǹda gbà. Wọ́n ń wá ya wa, wọ́n ń ya ijó wa àti ìhòòhò wa, wọ́n ń gbé e lọ fi han àwọn ará ilé wọn. Àwa kò rí ẹ̀rọ náà fọwọ́ kàn.

Ọkùnrin kan wà tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1925, orúkọ rẹ̀ ni Paulin Soumanou Vieyra. Wọ́n rán an lọ sí Faransé láti kékeré. Nígbà tí ó dàgbà, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Pàrí, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀. Ó fẹ́ lọ ya sinimá ní Áfíríkà, wọn kò gbà fún un. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sọ pé: bí wọn kò bá jẹ́ kí a ya Áfíríkà ní ilé, a ó ya Áfíríkà tí ó wà ní Pàrí. Ní ọdún 1955 ni wọ́n ṣe Afrique-sur-Seine. Sinimá kékeré ni, kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti wá ọjọ́ ọ̀la wọn lọ sí etí odò Seine, tí àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, tí àwọn mìíràn ń tọrọ báárà lójú ọ̀nà.

Ẹ kíyè sí i. Ọ̀kan nínú àwọn sinimá àkọ́kọ́ tí ọmọ Áfíríkà dúdú ṣe, ọ̀rọ̀ aṣíkiri ni ó dá lé. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni ó sì wà nídìí rẹ̀. Vieyra lọ gbé ní Sẹ̀nẹ̀gàl nígbẹ̀yìn, ó ran Sembène Ousmane lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ó kọ ìwé lórí sinimá Áfíríkà, ó sì kú ní ọdún 1987. Ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín, Pascal Abikanlou ni ó ṣe sinimá gígùn àkọ́kọ́ ní ọdún 1974. François Okioh tẹ̀lé e ní ọdún 1985 pẹ̀lú èyí tí ó pè ní Ironou. Ẹ̀yin náà gbọ́ orúkọ yẹn, ìrònú ni, ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Lẹ́yìn náà owó wọ́n, àwọn ilé sinimá ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú wọn di ilé ìjọsìn tàbí ilé ìtajà.

Ní ọdún 2006 ni ọmọ Bẹ̀nẹ̀ mìíràn wá gbé èyí tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí jáde. Sylvestre Amoussou ni orúkọ rẹ̀. Ilé wa níhìn-ín ni a ti bí i, ó lọ sí Faransé, ó ń ṣe eléré níbẹ̀. Sinimá tí ó ṣe ni Africa Paradis, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni ó sì ti yà á.

Ọdún 2033 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Áfíríkà ti di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, ó lówó, ó tòrò. Yúróòpù ni ó ti bàjẹ́. Kò sí iṣẹ́, kò sí iná, ìyà ń jẹ gbogbo wọn. Ọkùnrin Faransé kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Olivier, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó kọ́. Obìnrin rẹ̀ ni Pauline, olùkọ́ ilé-ìwé. Wọ́n mọ̀wé, wọ́n lọ́gbọ́n, wọn kò ríṣẹ́. Wọ́n lọ béèrè ìwé ìwọ̀lú ní ọ́fíìsì Áfíríkà, wọn kò rí i gbà. Wọ́n wá san owó fún àwọn tí ń kó ènìyàn gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Nígbà tí wọ́n dé Áfíríkà, ọlọ́pàá mú wọn, wọ́n fi wọ́n sí àgọ́ níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn aṣíkiri jọ kí wọ́n tó dá wọn padà. Olivier sá lọ. Pauline gbà láti di ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé àwọn olówó dúdú. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, ẹ má gbàgbé.

Nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn aṣòfin dúdú ń jiyàn lórí àwọn òyìnbó wọ̀nyí. Àwọn kan ní kí a fún wọn ní ẹ̀tọ́. Àwọn mìíràn ní kí a lé wọn, pé wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, pé àṣà wọn kò bá tiwa mu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí ọmọ wa ní Pàrí ni Amoussou mú, ó yí i padà bí ẹni yí ẹ̀wù síta sínú, ó wá fi sí ẹnu àwa dúdú.

Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀, mi ò sì ní ṣẹ́ pé mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó pé, n ó sọ pé kò pé. Ọ̀rọ̀ sísọ pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn aṣòfin náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Ẹni tí ó bá ń retí ọkọ̀ tí ń fò láàárín ìgboro kò ní rí i, nítorí pé owó kò tó. Ibi tí agbára rẹ̀ wà ni pé kò jẹ́ kí ojú àwa fúnra wa mọ́. Ohun tí ó rọrùn jù ni kí ó sọ pé òyìnbó burú, Áfíríkà dára. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé bí agbára bá dé ọwọ́ wa, àwa náà lè kọ́ àgọ́, kí a sì ti ènìyàn mọ́ inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn. Àwọn ará Gánà ni wọ́n pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tí ó jẹ́ Nàgó bíi tiwa wà níbẹ̀. Dúdú ni ó lé dúdú. Amoussou kò nílò láti wo ọ̀nà jíjìn kí ó tó rí àpẹẹrẹ.

Amoussou ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn èyí. Ní ọdún 2017, sinimá rẹ̀ tí ń jẹ́ L'Orage africain gba ẹ̀bùn kejì ní àjọ̀dún FESPACO ní Wagadúgù.

Bí ó ti wù kí ó rí, nínú Africa Paradis, àìríṣẹ́ àti ìdàrúdàpọ̀ ìlú ni ó lé àwọn ènìyàn kúrò. Òjò àti oòrùn kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Láti rí èyí, a ní láti rìn dé ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní Kẹ́ńyà. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Wanuri Kahiu ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2009 ó ṣe sinimá kan tí kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, ó pè é ní Pumzi. Èémí ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Swahili.

Ogun àgbáyé kẹta ti jà kọjá, omi ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ jà. Ọdún márùndínlógójì ti kọjá lẹ́yìn ogun náà. Òde ti di aṣálẹ̀ tí ohunkóhun kò hù. Àwọn ènìyàn tí ó kù ń gbé inú ilé ńlá kan tí wọ́n tì pa, a kì í jáde. Omi tí olúkúlùkù ń mu, ìwọ̀n ni. Ìtọ̀ rẹ̀ àti òógùn ara rẹ̀ ni wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń dá padà fún un nínú ìgò. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ń jẹ́ Asha ni ó ń tọ́jú ilé tí wọ́n kó ohun àtijọ́ sí, níbi tí a lè rí bí igi ṣe rí nígbà tí igi wà. Ní ọjọ́ kan, ẹnìkan tí kò kọ orúkọ fi ìwọ̀nba erùpẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Asha gbóòórùn rẹ̀. Ó fi irúgbìn àtijọ́ kan sínú erùpẹ̀ náà, ó da omi rẹ̀ díẹ̀ sí i, irúgbìn náà hù.

Ó lọ sọ fún àwọn aláṣẹ pé ilẹ̀ tún ti ń jí, kí wọ́n jẹ́ kí òun jáde lọ wò ó. Wọ́n kọ̀ fún un. Ó sá jáde. Ó gbé igi kékeré náà, ó ń rìn nínú oòrùn títí ó fi dé ibi tí ó lè gbìn ín sí. Ó da gbogbo omi tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sí i, ó fún òógùn ara rẹ̀ sí i, ó wá fi aṣọ àti ara rẹ̀ ṣíji bò ó. Níbẹ̀ ni a fi í sílẹ̀. N kò ní sọ ohun tí ẹ ó rí kẹ́yìn, nítorí pé ẹ lè rí i wò ní ọjọ́ kan.

Mo mọ̀ pé ẹni tí omi ẹ̀rọ ń ṣàn nínú ilé rẹ̀ yóò wo Pumzi bí àlá. Ará Kétu kò lè wò ó bẹ́ẹ̀. Ní ilé àwọn ìyá wa àgbà, etí òrùlé ni a ti ń gba omi òjò sínú ìkòkò ńláńlá. Omi tí a fi fọ ẹ̀fọ́ kì í ṣe omi dídànù. Ọmọ tí ó bá da ìgbá omi nù ní oṣù ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí yóò gbọ́. Ìwọ̀n omi tí Kahiu fi sí ọjọ́ iwájú, a ti wọ̀n ọ́n rí. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ní ọ̀dọ̀ wa kò sí aláṣẹ tí ó ń ti ilẹ̀kùn. Bí kànga bá gbẹ, a máa ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìhà ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wa. Ní Èkó, ní ọdún 2010, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Niyi Akinmolayan ṣe sinimá ọjọ́ iwájú kan, ó fún un ní orúkọ Yorùbá: Kájọlà. Ọdún 2059 ni ìtàn náà. Àwọn olówó ti kó ara wọn jọ sí Erékùṣù Èkó, wọ́n fi àwọn tálákà sílẹ̀ ní ìhà kejì omi, ìjọba sì fẹ́ pa ìhà náà rẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà nínú rẹ̀ kò dára tó, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò ní ilé sinimá. Akinmolayan padà di ẹni ńlá nínú iṣẹ́ náà lẹ́yìn èyí. Ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Disney ti Amẹ́ríkà àti ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Kugali, tí ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, gbé eré alápá mẹ́fà tí a fi kọ̀ǹpútà yà jáde. Orúkọ rẹ̀ ni Iwájú. Tọlá ń gbé ní Erékùṣù, Kọ́lé ń gbé ní òkè omi. Lẹ́ẹ̀kan sí i, omi ni ó wà láàárín olówó àti tálákà.

Kí ni ìdí tí àwọn méjèèjì fi fa ìlà sí ibì kan náà? Ó ní ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní etí òkun ní Èkó, àdúgbò kan wà tí ń jẹ́ Màrókò. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, èyíinì ni 300.000, ni wọ́n ní ó ń gbé ibẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó rán katakata wọ ibẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, pé òkun lè bò ó, pé nítorí ààbò àwọn ènìyàn ni wọ́n fi ń lé wọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Màrókò ti pa rẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó iyanrìn dí ilẹ̀ náà, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, àwọn olówó sì wá kọ́ ilé sórí rẹ̀. Òkun tí ó jẹ́ ewu fún tálákà kò jẹ́ ewu fún àwọn mìíràn mọ́. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Màrókò yóò rí i pé Kájọlà kò rìn jìnnà púpọ̀ kí ó tó dé 2059.

Ohun kan náà ń lọ lọ́wọ́ ní Kútọnu tiwa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté ọkọ̀ ní ọdún 1965, òkun ń jẹ ilẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀. Ògiri èbúté ni ó dí iyanrìn tí omi máa ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn wá, etí òkun tí kò rí iyanrìn gbà mọ́ ni ó ń wó. Ọ̀pọ̀ ilé ti lọ, títí kan ojú ọ̀nà. Nígbà tí òkun gbogbo ayé bá wá ń ga sí i nítorí pé ayé ń móoru, ẹ̀yin náà ẹ lè ṣírò rẹ̀.

Mo fẹ́ dárúkọ obìnrin kan sí i, Mati Diop, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl. Sinimá rẹ̀ Atlantique gba ẹ̀bùn ńlá ní Cannes ní ọdún 2019. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò rí owó iṣẹ́ wọn gbà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Sípéènì, òkun gbé wọn mì, ẹ̀mí wọn wá padà gun àwọn ọmọbìnrin láti béèrè owó náà. Ní ọdún 2024, ó tún gba ẹ̀bùn tí ó ga jù ní Berlin fún Dahomey, tí ó ṣe nípa ẹrù 26 láti ààfin Àgbómì tí Faransé dá padà ní ọdún 2021. Ó mú kí ọ̀kan nínú àwọn ère náà máa sọ̀rọ̀ láti inú àpótí, bí aṣíkiri tí ń padà bọ̀ wálé. Ó dùn mọ́ gbogbo ènìyàn, inú èmi náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó tán nínú mi: ère Glele wà lára ẹrù náà. Nígbà tí àwọn kan ń pàtẹ́wọ́ fún ìpadàbọ̀ rẹ̀, ará Kétu lè jókòó jẹ́ẹ́, kí ó ronú nípa àwọn tí Glele kó lọ sí Àgbómì ní ọdún 1886 tí ẹnikẹ́ni kò dá padà.

Báyìí, ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn sinimá wọ̀nyí kò sọ tó. Ní ọdún 2021, Báńkì Àgbáyé gbé ìwé kan jáde. Wọ́n ní bí a kò bá ṣe ohunkóhun, àwọn tí ojú ọjọ́ yóò lé kúrò ní ibùgbé wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lè tó mílíọ̀nù 32 kí ó tó di ọdún 2050. Kì í ṣe Yúróòpù ni wọ́n ń lọ o. Inú orílẹ̀-èdè tiwọn náà ni ìwé náà sọ pé wọn yóò ti máa ṣí kiri, láti ibi tí omi ti tán lọ sí ibi tí omi kù díẹ̀. Sinimá fẹ́ràn òkun, ó fẹ́ràn aṣálẹ̀, ó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi tí ó kún fún ènìyàn. Kò fẹ́ràn abúlé tí àlejò dé sí, tí wọ́n sì ń jókòó lábẹ́ igi láti pín ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni abúlé tí àlejò ń dé sí ni abúlé tiwa. Ọ̀dá tí ó mú Sahel ní ọdún 1968 títí dé 1974, àti èyí tí ó tún mú un ní 1983 àti 1984, ti àwọn darandaran sísàlẹ̀. Àwọn Fúlàní mọ koríko Kétu. Àwọn àgbẹ̀ láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ Àgbómì àti láti ilẹ̀ Àjá, níbi tí oko ti gbó tí ènìyàn sì pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, wá ń gba ilẹ̀ dá lọ́dọ̀ wa. Ẹ mọ ohun tí ó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹran wọ oko, àgbàdo bàjẹ́, ọ̀rọ̀ di ti ọ̀bẹ, ọlọ́pàá dé. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, àlejò di ọkọ ọmọ, ọmọ náà ń sọ Nàgó àti Fọ̀n ní ẹnu kan. Bí Amoussou bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí ojú ọ̀nà Ìdígní tàbí Adakplamè, yóò rí àwọn aṣòfin rẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́ igi ni wọ́n jókòó sí, wọn kò wọ kóòtù.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú wa, ní apá tí a máa ń yára sọ kọjá. Nígbà tí Èdé àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dé orí òkè pẹrẹsẹ yìí, ilẹ̀ ti ṣú, wọn kò ní iná. Wọ́n rí èéfín lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá àgbà kan tí kì í ṣe ará wọn ni ó ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó dé, Ìyá Kpankú ni wọ́n ń pè é. Wọ́n rán ènìyàn sí i, ó bu iná fún wọn. Kpankú ṣì wà lára ìlú Kétu títí di òní.